Bí A Ṣe Lè Fi Àwòṣe Àbùdá Ẹ̀dá Mú Kí Àjọṣe àti Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ Rọrùn Níbi Iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú gbọ́nmi-si-omi-ò-to tó ń wáyé láàárín àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe pé ẹnì kan kórìíra ẹnì kejì. Ẹnì kan kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Mo nílò ìròyìn yẹn kí ó tó di aago mẹ́ta," ó tán síbẹ̀, kò kí i, kò sì fi "ẹ jọ̀wọ́" kún un. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ náà rò pé wọ́n ń pa òun láṣẹ ni, ó sì di ọ̀rọ̀ náà sínú. Ẹni tó kọ ọ́ kò ní èrò burúkú kankan lọ́kàn. Lójú tirẹ̀, àkékúrú ọ̀rọ̀ ni kì í fi àkókò ẹlòmíràn ṣòfò. Bí irú èyí bá ti wáyé lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀kan á máa pe èkejì ní agbéraga, èkejì á máa sọ pé ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dun onítọ̀hún, iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n jọ ṣe á sì di èyí tí wọ́n ń tì síra wọn lọ́rùn.

Àwòṣe àbùdá ẹ̀dá jẹ́ ètò tí a fi ń ṣàpèjúwe bí ìṣesí ènìyàn kan ṣe yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn: bó ṣe ń ronú, bó ṣe ń ṣe ìpinnu, bó ṣe ń bá èrò lò. Ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ló ń lò ó, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń rí fà yọ nínú rẹ̀ kò ju pé kí àwọn òṣìṣẹ́ máa fi bíi ọ̀sẹ̀ kan bi ara wọn pé, "Lẹ́tà wo ni tìẹ?" ìyẹn lẹ́tà tí ìdánwò àwòṣe náà fi ń pe ìsọ̀rí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tó sì ń fà á ni pé wọ́n ń ka èsì ìdánwò sí òpin iṣẹ́. Èsì yẹn kò wúlò àfi bí ikọ̀ òṣìṣẹ́ bá ti ara rẹ̀ dé orí àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa bí wọn yóò ṣe máa kọ ọ̀rọ̀ síra wọn, bí wọn yóò ṣe máa ṣe ìpàdé, àti bí wọn yóò ṣe máa sọ fún ara wọn pé iṣẹ́ kan kò tíì dára tó. Bí a ṣe ń kúrò lórí èsì dé orí àdéhùn ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ àwòṣe tí ẹ fẹ́ lò

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni MBTI (Myers-Briggs Type Indicator). Katharine Cook Briggs àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Isabel Briggs Myers, ni wọ́n ṣe é ní Amẹ́ríkà, orí èrò Carl Jung, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Switzerland tó gbé ìwé rẹ̀ lórí ìsọ̀rí ẹ̀dá jáde ní ọdún 1921, ni wọ́n sì kọ́ ọ lé. Ó ń béèrè nǹkan mẹ́rin: bóyá àárín èrò ni ènìyàn ti ń rí okun gbà tàbí ní ìdákẹ́rọ́rọ́, bóyá ohun tí ojú rí tí ọwọ́ bà ló kọ́kọ́ ń wò tàbí ohun tó fara sin lẹ́yìn ọ̀rọ̀, bóyá bí ọ̀rọ̀ ṣe bọ́gbọ́n mu sí ló fi ń ṣe ìpinnu tàbí bí yóò ṣe rí lára àwọn tó kàn, àti bóyá ó fẹ́ kí ètò ti tò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tàbí kí àyè ṣì wà fún àyípadà. Láti inú ìdáhùn wọ̀nyí ni ìsọ̀rí 16 ti jáde, lẹ́tà mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n, bíi INTJ tàbí ESFP.

Ó rọrùn láti rántí, ó sì dùn ún sọ, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lò ó mọ̀. Ó dà bí ìgbà tí a bá fa ìlà kan sára ògiri, tí a ní ẹni tó bá ga ju ìlà náà lọ jẹ́ gíga, ẹni tí kò bá tó o jẹ́ kúkúrú. Ẹni tó fi ìka kan jù ú àti ẹni tó fi ìka kan dín á wá di ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀gbẹ́ ìlà yẹn gan-an ni èrò pọ̀ sí jù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan fi ń rí i pé lẹ́tà kan nínú tiwọn ti yí padà. Ilé-iṣẹ́ tó ń tà á pàápàá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi yan ẹni tí wọn yóò gbà síṣẹ́.

DISC tún wà, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ìwé tí William Moulton Marston gbé jáde ní ọdún 1928. (Ọkùnrin yìí kan náà ló dá Wonder Woman, akọni inú ìwé àwòrán, sílẹ̀, ẹ lè fi ìyẹn ṣí ìpàdé bí ojú gbogbo ènìyàn bá le jù.) Marston fúnra rẹ̀ kò ṣe ìdánwò DISC kankan, àwọn mìíràn ló ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin tí ènìyàn ń gbà dojú kọ iṣẹ́ àti ènìyàn ni DISC ń wò: ẹni tó ń lé èsì, ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ fa ènìyàn mọ́ra, ẹni tó fẹ́ kí nǹkan máa lọ létòlétò láìsí ìdàrúdàpọ̀, àti ẹni tó ń wá àṣìṣe kí àṣìṣe tó wá a. Ti Meredith Belbin, tó jáde ní England ní ọdún 1981, yàtọ̀ díẹ̀ ní tirẹ̀, nítorí ipa tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kó nínú ikọ̀ ló ń wò ju ohun tó wà nínú ẹni náà lọ. Ipa mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀ báyìí.

Èyí tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ọkàn ń gbára lé jù ni Big Five. Inú ìwé atúmọ̀ èdè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ní ọdún 1936, Gordon Allport àti Henry Odbert ṣa ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18,000, tí a fi ń ṣàpèjúwe ènìyàn, jáde láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn fi ìṣirò kó àwọn ọ̀rọ̀ tó jọ ń rìn pọ̀ jọ, títí tó fi hàn pé orí ìdí márùn-ún ni púpọ̀ nínú wọn fẹsẹ̀ lé: ìfẹ́ sí ohun tuntun, ìfarabalẹ̀ ṣiṣẹ́, ìyẹn bí ènìyàn ṣe ń ṣètò tó àti bó ṣe ń mú ìlérí ṣẹ, ọ̀yàyà láàárín èrò, ìwà pẹ̀lẹ́, àti àìbalẹ̀ ọkàn, ìyẹn bí ìdààmú ṣe ń tètè bá a sí. Kò sí àpótí tí wọ́n ń ti ẹnikẹ́ni sí níbẹ̀. Ibi tí ènìyàn dúró sí lórí òṣùwọ̀n ni wọ́n ń fi hàn án. Àyẹ̀wò ńlá tí Murray Barrick àti Michael Mount gbé jáde ní ọdún 1991 fi hàn pé ìfarabalẹ̀ ṣiṣẹ́ ní í ṣe pẹ̀lú bí ènìyàn ṣe ń ṣe dáadáa sí lẹ́nu iṣẹ́ nínú gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò. Àwọn ìbéèrè rẹ̀ kan tún wà lábẹ́ orúkọ IPIP tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, màá ní kí ikọ̀ tí kò tíì bá ara rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Big Five bí ẹnì kan bá wà tó lè ṣàlàyé rẹ̀, tàbí pẹ̀lú DISC bí kò bá sí. Ẹ má ṣe lo méjì pọ̀. Orúkọ àti lẹ́tà á kàn pọ̀ lórí àwọn ènìyàn, wọn á sì gbàgbé ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jókòó.

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn ìbéèrè kan

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ni kí ẹ fi síwájú. Ìdánwò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn lè kọ̀ láìsí ìbínú ọ̀gá, kì í ṣe èyí tí a fi ẹnu sọ pé kò pọn dandan tí a wá ń fojú wá ẹni tí kò ṣe é. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ìdánwò ni èsì yóò wà. Kò gbọdọ̀ wọ inú fáìlì tí a fi ń gbé òṣìṣẹ́ ga tàbí tí a fi ń dá a dúró, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì pinnu ohun tí yóò sọ jáde nínú rẹ̀. Ẹ kọ èyí sílẹ̀ kí ọ̀gá fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, kí ọ̀gá ṣáájú gbogbo ènìyàn láti sọ tirẹ̀, pàápàá ibi tó kù sí fún un. Bí ọ̀gá bá jókòó tó ń gbọ́ ti gbogbo ènìyàn láìsọ tirẹ̀, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló ń ṣe yẹn, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì fi ọgbọ́n dáhùn.

Ohun kejì ni kí ẹ kìlọ̀ fún ara yín nípa bí èsì ṣe máa ń dùn mọ́ni. Ní ọdún 1948, Bertram Forer, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ọkàn, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ 39 ní ìdánwò nípa ìṣesí wọn, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àpèjúwe ara rẹ̀ pé kí ó fún un ní máàkì láti òdo dé márùn-ún. Ohun tí gbogbo wọn fún un, tí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ 4.26. Àpèjúwe kan náà ni ó pín fún gbogbo wọn, inú ìwé àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ló sì ti ṣa púpọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ka èsì rẹ̀ tó pariwo pé, "Èmi gan-an nìyí!" ìyẹn kò tíì jẹ́ ẹ̀rí. Ìbéèrè méjì ni kí ó bi ara rẹ̀: kí ni mo ṣe láàárín oṣù yìí tó fi ohun tí mo kà yìí hàn, àti pé èwo nínú rẹ̀ ni kì í ṣe tèmi rárá? Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn kankan sí ìbéèrè kejì kò tíì kà á dáadáa.

Ìjókòó àkọ́kọ́

Wákàtí kan ààbọ̀ tó fún ikọ̀ tí kò ju ènìyàn mẹ́jọ lọ. Bí wọ́n bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ pín wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ ka tirẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́, kí ó sì fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó lè fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́ gbè lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá wá ń sọ̀rọ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ni kí wọ́n sọ, kì í ṣe lẹ́tà tàbí orúkọ ìsọ̀rí. Òfin kan ṣoṣo ló wà tí ẹni tó ń darí ìjókòó kò gbọdọ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni rú: kí ẹnì kan má ṣe sọ fún ẹlòmíràn irú ẹni tó jẹ́. "Irú ẹni tí ìwọ jẹ́ nìyẹn, mo ti mọ̀ tipẹ́" lè ba gbogbo ọjọ́ náà jẹ́.

Kí ìjókòó tó parí, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ojú ìwé kan ṣoṣo nípa bó ṣe fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣiṣẹ́. Ẹ wo bí irú rẹ̀ ṣe lè rí:

"Òwúrọ̀ ni orí mi máa ń pé jù; ẹ jọ̀wọ́, bí kò bá pọn dandan, ẹ má fi ìpàdé sí i kí aago mẹ́wàá tó lù. Bí ẹ bá bi mí ní ìbéèrè nínú ìpàdé tí mo dákẹ́, mo ń ronú ni, n kò bínú. Ẹ jẹ́ kí n kọ ìdáhùn ránṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bí àṣìṣe bá wà nínú iṣẹ́ mi, ẹ sọ ọ́ fún mi ní ìkọ̀kọ̀ kí ẹ tó kọ ọ́ síbi tí gbogbo ikọ̀ ti lè kà á. Ohun tó máa ń tètè bí mi nínú ni kí a yí ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí padà láìsọ fún mi. Mo mọ̀ pé mo máa ń béèrè ọ̀rọ̀ nígbà tí gbogbo ènìyàn ti rò pé ó ti parí; bí ó bá sú yín, ẹ sọ fún mi pé kí n kó ìyókù pamọ́, kò ní dùn mí."

Ẹ kíyè sí i pé kò sí lẹ́tà kankan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí orúkọ àwòṣe kankan. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ló sì ṣòro jù láti kọ. Ẹni tó bá sọ bí a ó ṣe máa tọ́jú òun nìkan, tí kò sọ bí òun ṣe ń ni ẹlòmíràn lára, ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ni.

Láti orí ojú ìwé dé orí àdéhùn

Ẹ tẹ́ gbogbo ojú ìwé náà sílẹ̀ kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti forí gbárí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ọ̀rọ̀ ṣókí tí ẹlòmíràn sì fẹ́ àlàyé kíkún, kò sí ẹni tó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ikọ̀ ní ìlànà kan. Èyí tí mo rí pé ó tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn ni pé kí ohun tí a ń béèrè fún wà ní gbólóhùn àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìkíni, kí ìdí rẹ̀ tẹ̀ lé e, kí àlàyé gígùn wà nísàlẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ tó dá wàhálà sílẹ̀ lókè yẹn yóò wá di báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìròyìn ìnáwó oṣù tó kọjá kí ó tó di aago mẹ́ta, nítorí pé aago mẹ́rin ni mo fẹ́ gbé e síwájú àwọn olùdarí. Bí kò bá ní ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ kí ó tó di ọ̀sán." Ẹni tó ń kánjú rí ohun tó ń wá ní ìlà àkọ́kọ́, ẹni tó fẹ́ mọ ìdí rí ìdí, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ rí ọ̀nà láti sọ pé kò ní ṣeé ṣe láìdi ẹlẹ́bi. Ẹ tún jọ pinnu ohun tí "kíákíá" túmọ̀ sí láàárín yín, torí pé ikọ̀ tí gbogbo nǹkan rẹ̀ jẹ́ kíákíá kò ní ọ̀rọ̀ kankan mọ́ tí yóò fi pe iná ní iná.

Ìpàdé ni ibi tí àbùdá ti máa ń hàn jù. Àwọn kan wà tí ẹnu ni wọ́n fi ń ronú: bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni ó ń yé wọn, wọ́n sì lè sọ òdìkejì rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìka ara wọn sí onírọ́. Àwọn kan sì wà tí wọn kì í la ẹnu títí ọ̀rọ̀ yóò fi pé lọ́kàn wọn, nígbà tí yóò bá sì fi pé, ìpàdé ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Yorùbá ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nínú ìpàdé, ti gbogbo ikọ̀ ló ń bá a dákẹ́, nítorí pé ẹni tó rí ihò nínú ètò náà lè jẹ́ ẹni tí kò ráyè sọ̀rọ̀. Ẹ fi àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ fẹ́ jíròrò ránṣẹ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fún gbogbo ènìyàn ní ìṣẹ́jú márùn-ún láti kọ èrò wọn sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀, kí ẹni tó ń darí wá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọn kì í sábà sọ̀rọ̀, kí ọ̀gá sì jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Fún ìpinnu tí kò pọn dandan kí ó já lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí ó sùn di ọjọ́ kejì kí ẹnikẹ́ni tó bá tún ní ọ̀rọ̀ lè kọ ọ́ wá.

Ní ti ìbáwí, ohun tó gbà kò pọ̀. Ẹ sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà gan-an, ẹ sọ ohun tó fà, ẹ béèrè ohun tí a lè ṣe nígbà mìíràn, kí ẹ má sì fi àbùdá onítọ̀hún kún un. "Àlàyé tó wà ní ojú ìwé kejì kò bá iye tó wà ní ojú ìwé kẹta mu" ṣeé tún ṣe. "Ìwọ kì í fara balẹ̀" kò ṣeé tún ṣe.

Àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́

Àkọ́kọ́ ni kí ẹnì kan fi èsì bojú: "Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn, n kì í bá àkókò mu." Àwòṣe lè ṣàlàyé ìdí tí nǹkan kan fi le fún ènìyàn, kò fún un ní ìyọ̀ǹda láti má ṣe é. Èkejì ni kí a máa fi èsì ṣàlàyé ohun tí kò kàn án rárá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ lè dákẹ́ nínú ìpàdé kí wọ́n sì máa pè é ní onítìjú, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ló ń wá. Ẹni tí wọ́n di ẹrù iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta lé lórí yóò máa kanra láìka ibi tó dúró sí lórí òṣùwọ̀n kankan sí. Bí ènìyàn méjì bá ń jà lórí ẹni tó ni ìpinnu, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Ẹ yẹ iye iṣẹ́ àti ààlà iṣẹ́ wò kí ẹ tó yẹ ènìyàn wò.

Èyí tó wúwo jù ni ìbẹ̀rù. Google bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ọdún 2012 tí wọ́n pè ní Project Aristotle, láti mọ ohun tó mú kí àwọn ikọ̀ kan yọrí ju òmíràn lọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé irú àwọn ènìyàn tó wà nínú ikọ̀ kò ṣe pàtàkì tó bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn lò, àti pé ohun tó ga jù ni kí ara tu ènìyàn tó láti béèrè ohun tí kò yé e, láti jẹ́wọ́ àṣìṣe, àti láti ta ko ọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù ìtìjú, ohun tí Amy Edmondson, olùwádìí nípa bí ikọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, ti kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1999. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi ẹni tó bá sọ òótọ́ ṣẹ̀sín, kò sí ìdánwò tí yóò tún nǹkan ṣe. Ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ pé ọ̀gá fẹ́ gbọ́ ni wọ́n máa kọ. Bí ẹ bá fura pé bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ yín, ẹ gbé ìdánwò sẹ́yìn ná.

Lẹ́yìn oṣù méjì

Ẹ gbé àdéhùn náà jáde lẹ́yìn bí oṣù méjì, kí ẹ kà á ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí ẹnì kan lò ó kẹ́yìn. Ẹ yọ èyí tí kò sí ẹni tó rántí kúrò. Bí àwọn ènìyàn bá ti gbàgbé lẹ́tà wọn ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú ìpàdé, ẹ má ṣe rán wọn létí lẹ́tà náà. Bí ẹni tuntun bá dé, ẹ fún un ní àdéhùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kí ó tó bí oṣù kan kí ẹ tó ní kí ó kọ ojú ìwé tirẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò tíì mọ ilé kì í mọ ohun tí yóò ni ín lára níbẹ̀. Ẹ sì tún ṣí àdéhùn náà lọ́jọ́ tó bá kọ ọ́. Bí ẹnì kan bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ pa ojú ìwé rẹ̀ rẹ́, kí ẹ má sì gbé e fún ẹni tó gba ipò rẹ̀.